Bí a ṣe lè tún sọ́fítíwíà atúmọ̀ bíréèlì ṣe kí ẹni tí kò ríran lè dá a lò

Ìka ni a fi ń ka bíréèlì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tó ń sọ ìwé lásán di bíréèlì, ojú ni èèyàn gbọ́dọ̀ fi lò wọ́n. Àwòrán kéékèèké ni bọ́tìnnì wọn, àwọ̀ ni wọ́n fi ń ya àkọlé sọ́tọ̀ lára ìpínrọ̀, àmì bíréèlì tí wọ́n sì gbé sójú kọ̀ǹpútà kì í dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kà á. Ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ se ọbẹ̀ ni wọ́n tì mọ́ ìta ilé ìdáná.

Ẹni tó ń kọ irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀, tàbí tó ń tọ́jú èyí tó ti wà, ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún. Windows, NVDA àti liblouis ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. NVDA ni ètò ọ̀fẹ́ tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà síta, tó sì tún ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sórí pátákó bíréèlì, ìyẹn ẹ̀rọ tí àmì rẹ̀ ń yọ sókè tó sì ń wọlẹ̀ lábẹ́ ìka. Liblouis ló ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ gan-an. John Boyer, tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn, wà lára àwọn tó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. NVDA fúnra rẹ̀, Orca orí Linux àti BrailleBlaster ti American Printing House, òun ni gbogbo wọn ń lò.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù

Ẹ yọ máòsì, ẹ pa ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì tan NVDA. Ẹ wá ṣe iṣẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹ ṣí ìwé olójú-ewé mẹ́wàá, ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí grade 2 (bíréèlì tí a ké ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú), ẹ wá ọ̀rọ̀ kan rí nínú bíréèlì rẹ̀, ẹ padà sínú ìwé lásán lọ tún un ṣe, ẹ ṣètò ìlà sí ilé 40 àti ojú ìwé sí ìlà 25, ẹ fi pamọ́ bíi BRF (fáìlì bíréèlì fún ìtẹ̀wé), kí ẹ sì rán an sí ẹ̀rọ atẹ̀wé bíréèlì. (Ilé ni a ó máa pe àyè tí àmì mẹ́fà bíréèlì kan ń gbé.) Ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹ há sí sílẹ̀. Kò sí irinṣẹ́ àyẹ̀wò tó lè fún yín ní àkọsílẹ̀ tó dà bíi tìyí.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún un ṣe láìsí ohùn. Ẹ máa tẹ NVDA+S títí ohùn á fi pa (bọ́tìnnì NVDA ni Insert tàbí CapsLock). Ẹni tí kò ní pátákó bíréèlì lè ṣí Braille Viewer nínú mẹ́nù Tools ti NVDA kó rí ohun tí ìka ìbá kàn. Ọ̀pọ̀ ló ń fo ìpele kejì yìí, òun gan-an ló sì ń tú àṣírí jù, nítorí pé ohun tí ohùn sọ kọjá lọ kì í sábà dúró fún ìka.

Bí NVDA bá kàn pe “button” láìsí orúkọ, ẹ dúró lórí bọ́tìnnì náà kí ẹ tẹ NVDA+F1. Àkọsílẹ̀ tó bá ṣí máa fi orúkọ, irú àti ipò nǹkan náà hàn. Bí ẹ bá rí “name: None”, ẹ ti rí àrùn náà.

Orúkọ lára nǹkan gbogbo

Èyí kì í pẹ́. Irinṣẹ́ tí ẹ fi kọ́ ojú ètò yín ló máa sọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà. Nínú wxPython, ẹ dá StaticText tó jẹ́ àkọlé sílẹ̀ kí ẹ tó dá àpótí ìkọ̀wé tó tẹ̀ lé e, torí pé ètò tí ẹ fi dá wọn ni Windows fi ń mọ èyí tó ni èwo. Nínú Qt, setBuddy fún àkọlé, setAccessibleName fún bọ́tìnnì aláwòrán. Nínú Swing, setLabelFor, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń lò ó pé kó tan Java Access Bridge pẹ̀lú “jabswitch -enable”, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ NVDA kò ní rí nǹkan kan. Tkinter tó dúró lórí Tk 8.6 kò fi ohunkóhun hàn fún NVDA. Bí orí rẹ̀ ni iṣẹ́ yín wà, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí àtúnṣe, ẹ kó kúrò níbẹ̀.

Àwọn bọ́tìnnì àbùjá náà ní ìlànà tiwọn. Ẹ má lo Insert tàbí CapsLock, NVDA ló ni wọ́n. Ẹ má sì lo Ctrl+Alt pẹ̀lú lẹ́tà: lójú Windows, ohun kan náà ni Ctrl+Alt àti AltGr. Ẹni tó ń fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tó ń lo AltGr tẹ ẹ, ọ tàbí ṣ lè rí i pé òun ń fi ìwé pamọ́ nígbà tó yẹ kí òun máa kọ lẹ́tà. Ẹ fi F6 sílẹ̀ fún lílọ bíbọ̀ láàárín apá ìwé lásán àti apá bíréèlì, torí Tab kò lè ṣe é: inú àpótí ìkọ̀wé, àyè ni Tab ń fi síbẹ̀.

Apá bíréèlì

Bí ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ ní fún gbogbo iṣẹ́ yìí, ẹ lo méjì níbí.

BRF ni fáìlì tí àwọn ẹ̀rọ atẹ̀wé bíréèlì mọ̀ jù. Nínú rẹ̀, lẹ́tà ASCII 64 ló dúró fún ilé bíréèlì 64. Nínú grade 2 ti Gẹ̀ẹ́sì, “the” di “!”, “and” di “&”, “2005” sì di “#bjje”. Ohun tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ń ṣe ni pé wọ́n á gbé lẹ́tà BRF yìí sójú kọ̀ǹpútà, wọ́n á wá fi fọ́ńtì bíi SimBraille wọ̀ ọ́ láṣọ. Ẹni tó ríran rí àmì bíréèlì tó dára, ó ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n NVDA kì í wo aṣọ, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ló ń wò, “!” ló sì wà níbẹ̀.

Nǹkan méjì ló máa bàjẹ́. Ohùn á máa pe àmì ìyanu àti àmì nọ́ńbà tí kò nítumọ̀. Èyí tó burú jù wà lórí pátákó: NVDA á rò pé ìwé lásán ni “!”, á sì tún fi tábìlì tirẹ̀ (fáìlì òfin ìtumọ̀) túmọ̀ rẹ̀, ⠮ tó yẹ kó wà níbẹ̀ á wá di ⠖, àmì ìyanu ti UEB (Unified English Braille, ìlànà bíréèlì Gẹ̀ẹ́sì). Ìtumọ̀ gun ìtumọ̀. Aláìríran tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa lè yí tábìlì NVDA rẹ̀ sí computer braille (ilé kan fún lẹ́tà kan, láìsí ìkékúrú) láti sá fún un, ṣùgbọ́n gbogbo mẹ́nù àti ìwé mìíràn tó bá ṣí náà á yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má di ẹrù yẹn lé e lórí.

Àtúnṣe rẹ̀ rèé.

1. Ẹ jẹ́ kí BRF wà nínú fáìlì nìkan. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹ lo lẹ́tà bíréèlì Unicode, U+2800 sí U+28FF. Liblouis á gbé e jáde fúnra rẹ̀ bí ẹ bá fi unicode.dis ṣíwájú orúkọ tábìlì: “unicode.dis,en-ueb-g2.ctb”. NVDA máa ń jẹ́ kí àwọn lẹ́tà wọ̀nyí kọjá sórí pátákó bí wọ́n ṣe rí, kò ní túmọ̀ wọn mọ́.

2. Fún àyè láàárín ọ̀rọ̀, ẹ lo àyè gidi, U+0020, ẹ má lo U+2800. Lóòótọ́ ilé òfìfo ni U+2800, ṣùgbọ́n Unicode kò kà á sí àyè. Bí ẹ bá lò ó, Ctrl+ọfà ọ̀tún kò ní mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan parí sí, á sì fo odindi ìlà. Nígbà tí ẹ bá ń fi pamọ́, ẹ sọ méjèèjì di àyè ASCII.

3. Àpótí ìkọ̀wé gidi ti Windows ni kí apá yìí jẹ́, kì í ṣe àwòrán tí ẹ fọwọ́ ara yín yà. Ẹ lè ti ìkọ̀wé inú rẹ̀ bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n yí i padà, ṣùgbọ́n kọ́sọ̀ gbọ́dọ̀ máa rìn níbẹ̀. Láìsí kọ́sọ̀, kò sí ìlà, kò sí ọ̀rọ̀, kò sí ìwákiri.

4. Ẹ má fi àyè kún ìparí ìlà kó lè pé ilé 40. Pátákó olóríṣiríṣi ló wà lọ́wọ́ èèyàn, ti ilé 14, 20, 32 àti 40. Ẹni tó ní ti 20 á máa tẹ bọ́tìnnì ìsúnsíwájú láti ka òfìfo.

5. Fún ẹni tí ohùn nìkan ló ní, gbígbọ́ nọ́ńbà àmì lọ́kọ̀ọ̀kan kò wúlò fún ju yíyẹ ilé kan ṣoṣo wò lọ. Ẹ fún un ní bọ́tìnnì kan, F7 bí àpẹẹrẹ, tó ń ka ọ̀rọ̀ lásán tí ìlà bíréèlì náà ti wá.

Àwọn tó ríran díẹ̀ náà ń bẹ: fọ́ńtì Segoe UI Symbol ní àmì bíréèlì, ẹ jẹ́ kí wọ́n lè sọ ọ́ di ńlá.

Ìdè láàárín ìwé lásán àti bíréèlì

Lókè ilé kọ̀ọ̀kan pátákó bíréèlì, bọ́tìnnì kékeré kan wà. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, kọ́sọ̀ á fò síbẹ̀. Ohun tí aláìríran fẹ́ ni kó kan àṣìṣe nínú bíréèlì, kó tẹ bọ́tìnnì yẹn, kó tẹ F6, kó sì bá ara rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà gan-an nínú ìwé lásán. Liblouis ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà: lou_translate ń dá inputPos àti outputPos padà. outputPos ń sọ ilé bíréèlì tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. InputPos ń sọ lẹ́tà tí ilé kọ̀ọ̀kan ti wá. Ẹ wo “knowledge”, tó di ilé kan ṣoṣo, ⠅, nínú grade 2: lẹ́tà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló ní ipò 0 nínú outputPos. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti ṣírò rẹ̀ fúnra yín nípa pípín gígùn ìlà; kò ní bọ́ sí i láéláé.

Pàkúté méjì ló wà. Èkíní, lẹ́yìn ìtumọ̀, ètò yín á fi nọ́ńbà ojú ìwé, orí ìwé àti ìfọ́síìlà kún un. Àwọn ilé wọ̀nyẹn kò ní baba nínú ìwé lásán. Ẹ fún wọn ní -1, kí ẹ sì sọ ohun tí wọ́n jẹ́ bí kọ́sọ̀ bá bọ́ lé wọn, dípò kí F6 gbé èèyàn lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé.

Èkejì kan àwa tó ń kọ Yorùbá gan-an. “Ọjọ́” lè wọlé ní ọ̀nà méjì ó kéré tán. NFC àti NFD ni ọ̀nà méjì tí Unicode fi ń kọ lẹ́tà olámì. Bí ó bá jẹ́ NFC, ọ jẹ́ lẹ́tà kan (U+1ECD), àmì ohùn sì dá dúró (U+0301), nítorí pé Unicode kò ní lẹ́tà alápapọ̀ fún ọ́: lẹ́tà 4 lápapọ̀. Bí ó bá jẹ́ NFD, o, àmì ìsàlẹ̀ (U+0323) àti àmì ohùn wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ó di 6. Ó yẹ kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC kí ẹ tó gbé e fún liblouis, kí tábìlì má baà mọ ọ̀kan kó má mọ èkejì. Ṣùgbọ́n ní kété tí ẹ bá ti yí i padà, ipò inú inputPos kò bá ìwé tó wà níwájú ẹni tó ń kọ ọ́ mu mọ́. Ní ìlà kìíní, kọ́sọ̀ á fi lẹ́tà méjì ṣìnà. Nígbà tí ìpínrọ̀ bá fi máa parí, ó ti wà nínú ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ tọ́jú àwòrán ipò kejì tó so NFC pọ̀ mọ́ ìwé àkọ́kọ́, kí ẹ sì gba inú méjèèjì kọjá.

Lẹ́tà tí tábìlì kò mọ̀

Bí tábìlì tí a yàn kò bá mọ ẹ, liblouis á kọ '\x1eb9' síbẹ̀ ní bíréèlì. Ẹni tó ríran á rí ìdọ̀tí náà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń fọwọ́ kà á gbọ́dọ̀ ka odindi ìwé kó tó bá a pàdé. Àwọn kan á wá tan noUndefined, àṣàyàn kan nínú liblouis, kí ìdọ̀tí náà lè pòórá, wọn ò mọ̀ pé lẹ́tà náà ló pòórá: “ẹsẹ” á di “s”, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ìwé á fi dé ọwọ́ ọmọ ilé ìwé. Ẹ fi í sílẹ̀ ní pípa. Dípò rẹ̀, ẹ ka ìwé lásán yẹ̀ wò kí ìtumọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ to àwọn lẹ́tà tí tábìlì kò mọ̀ àti iye ìgbà tí wọ́n farahàn, kí ẹ sì fún èèyàn ní bọ́tìnnì kan tó ń gbé e lọ sí èyí tó kàn.

Ìròyìn tí kò sá lọ

“Ìtumọ̀ ti parí.” “Tábìlì kò sí.” Lórí pátákó bíréèlì, ìṣẹ́jú àáyá 4 ni NVDA fi ń gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ dúró bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kíbọ́ọ̀dù nígbà náà kò kà á. Ẹni tí kò gbọ́ràn kò sì ní ohùn tó máa tún un sọ fún un. Nítorí náà, gbogbo ìròyìn tí ẹ bá fọ́n síta gbọ́dọ̀ wà ní ibì kan tí a lè padà sí: àpótí ìkọ̀wé kékeré kan tí F8 ń ṣí, ìlà kan fún ìròyìn kan, tuntun wà lókè. Ojú ìwé, ìlà àti ilé tí kọ́sọ̀ wà náà, inú status bar gidi ti Windows ni kó wà, kí NVDA+End lè kà á.

Fún ìwé gígùn, ẹ má túmọ̀ lórí okùn (thread) kan náà tó ń gbé ojú ètò. Bí ó bá dí, NVDA náà á dákẹ́, ẹni tó ń lò ó á rò pé kọ̀ǹpútà ti kú, á sì pa á láàárín iṣẹ́. Ẹ lo okùn kejì, ṣùgbọ́n kó má ju ọ̀kan lọ, torí pé a kò kọ liblouis fún okùn púpọ̀ tó ń pè é lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lo progress bar tòótọ́, NVDA á máa fi ohùn bíi fèrè sọ bó ṣe ń gòkè.

Kíkọ bíréèlì tààrà

F, D, S ni àmì 1, 2, 3. J, K, L ni àmì 4, 5, 6. Ẹ kó gbogbo bọ́tìnnì tí a tẹ̀ jọ, kí ẹ sì kọ ilé náà nígbà tí èyí tó kẹ́yìn bá gbéra, kì í ṣe nígbà tí àkọ́kọ́ bá wọlẹ̀. Ìka kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú kò lè gba bọ́tìnnì mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sọ ọ́ nínú ìwé ìlò: kí èèyàn tẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, bí ⠿ kò bá jáde, kíbọ́ọ̀dù ló ní àbùkù, kì í ṣe ìka rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lè yan bọ́tìnnì mìíràn.

Èyí tí gbogbo èèyàn ń gbàgbé: pátákó bíréèlì púpọ̀ ní bọ́tìnnì ìkọ̀wé tirẹ̀. Bí aláìríran bá yan “Unicode braille” fún tábìlì ìwọlé NVDA, ohun tó bá tẹ̀ níbẹ̀ á wọlé sí ètò yín bíi lẹ́tà U+2800 sókè, kì í ṣe bíi bọ́tìnnì F tàbí J. Ètò tó ń gbọ́ kìkì bọ́tìnnì mẹ́fà kò ní gbọ́ ohunkóhun. Ẹ gba lẹ́tà náà tààrà. Bí àmì 7 tàbí 8 bá wà nínú rẹ̀, ẹ sọ fún un, kí ẹ má kàn gé e kúrò.

Ẹ fi ohùn agogo kan sí i nígbà tí ìlà bá ń lọ sópin, bí agogo Perkins Brailler ṣe ń dún. Ọwọ́ àwọn tó ti fi ẹ̀rọ yẹn kàwé ti mọ̀ ọ́n.

Tábìlì, ojú ìwé àti ẹ̀rọ atẹ̀wé

Ẹ má to orúkọ fáìlì tábìlì sílẹ̀ fún èèyàn láti yàn. Nínú ọ̀pọ̀ tábìlì liblouis, ìlà “#-display-name:” ní orúkọ tó yé ènìyàn. Ẹ lò ó. Ẹ jẹ́ kí orúkọ èdè ṣíwájú, kí títẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ lè gbé èèyàn débẹ̀. Fún Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà, en-ueb-g2.ctb ni kó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí Nàìjíríà ti gba UEB láti 2005. Ẹ má yọ tábìlì ti ìlànà Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kúrò, ìwé rẹ̀ ṣì wà lórí àtẹ́ ìkówèésí.

Ilé 40 àti ìlà 25 bá ìwé 11.5 × 11 ínṣì mu. A4 kéré sí i. Nígbà ìtẹ̀wé, rírán iṣẹ́ gba inú dírẹ́fà Windows tó ń ya àwòrán máa ń sọ BRF di ìdọ̀tí. “Generic / Text Only” ló ń gbé e lọ bó ṣe rí. Bí ojú ìwé òfìfo bá ń jáde láàárín méjì-méjì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ètò yín fi form feed (0x0C, àmì ìparí ojú ìwé) síbẹ̀, tí ẹ̀rọ náà sì tún ń ka ìlà 25 fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú méjèèjì gbọ́dọ̀ dákẹ́. Àwòrán “bí ìwé yóò ṣe rí” kò wúlò fún aláìríran. Àpótí ìkọ̀wé tó fi ìlà “Ojú ìwé 3” pín ojú ìwé níyà, tí a lè fi ọfà rìn nínú rẹ̀ kí ìwé olówó iyebíye tó wọ ẹ̀rọ, ló wúlò.

Ìdánwò pẹ̀lú àwọn tó ni ín

Ẹ pe èèyàn mẹ́ta ó kéré tán: ẹni tó ń fi ohùn nìkan ṣiṣẹ́, ẹni tó ní pátákó bíréèlì, àti ẹni tí kò gbọ́ràn bí ẹ bá lè rí i. Ẹ sanwó fún wọn bí ẹ ṣe ń sanwó fún oníṣẹ́ yòókù. Ẹ gbé iṣẹ́ tí ẹ ṣe níbẹ̀rẹ̀ fún wọn, ẹ má sọ ibi tí bọ́tìnnì wà, ẹ má sì gba kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ wọn. Níbi tí wọ́n bá dákẹ́ pẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Kí àtúnṣe má baà bàjẹ́ padà, ẹ tọ́jú ìwé kékeré kan tó ní “knowledge”, “2005”, “ọjọ́” ní NFC àti NFD, àkọlé kan àti ojú ìwé méjì. Kí ẹ̀yà tuntun tó jáde, ẹ túmọ̀ rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì òkè ilé lórí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, ẹ tẹ F6. Bí kọ́sọ̀ kò bá bọ́ sórí lẹ́tà tó tọ́ nínú méjèèjì, ẹ̀yà yẹn kò tíì ṣe é gbé jáde.